Ọjọ́ Mẹ́ta Lórí Pẹpẹ

Bokhui gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì tó fi ń jẹun, ó fi páálí dí fèrèsé kí oòrùn má bàa ta sí i lójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Àwòrán tó ti yà fún ọdún márùn-ún, tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún wákàtí, ló fẹ́ gé di fíìmù wákàtí kan àbọ̀. Ṣíṣe rẹ̀ ló le. Ó ti gé àpótí bisikíìtì sí wẹ́wẹ́, ó ń kọ ohun tó wà nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan sára ègé kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kàn wọ́n mọ́ ògiri. "Omi ń fà, Jinsui ń gbé òkúta." "Omi ń kún, Jinsui jókòó, kò sọ nǹkan kan." Èyí tí atẹ́gùn bá ti ba ohùn rẹ̀ jẹ́, á fa ìlà pupa sí i. Ìlà pupa pọ̀ lára ògiri yẹn.

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Kámẹ́rà àlòkù kan ló rà nílé wọn ní Mokpo, ní ilẹ̀ Korea, ó tú u, ó tò ó padà, ìdè kan ṣẹ́ kù sílẹ̀, kámẹ́rà sì ṣiṣẹ́ síbẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti mọ̀ pé òun lè dá nǹkan kọ́. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì báyìí. Ọdún kẹrìnlá rèé tó ti kúrò nílé. Fíìmù mẹ́ta ló ti ṣe lókè òkun. Wọ́n fi wọ́n hàn ní gbọ̀ngàn kéékèèké, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n sì lọ sílé wọn. Kó tó lè jẹun, ó ń fi fóònù kọ́ àwọn ọmọ Taipei ní èdè Korea, ó sì ń lọ ya ìgbéyàwó ní Magong, ìlú tó tóbi jù láàárín àwọn erékùṣù tó ń gbé báyìí. Ó mọ ibi tó yẹ kéèyàn dúró sí bí ìyàwó bá fẹ́ sunkún. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì lọ sílé ọkọ.

Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Jinsui gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó gbé ẹja mẹ́ta sínú agbada, ó sì dúró bí ẹni tó gbàgbé ohun tó bá wá.

"Ìyá mi ní òun ò lè dúró mọ́," ó ní. "Bí ìwé kò bá tíì ti Korea dé kí ọdún tuntun tó wọlé, àwọn á dá obìnrin Magong yẹn lóhùn."

Obìnrin Magong náà, tí wọ́n fẹ́ kí Jinsui gbé níyàwó, jẹ́ opó kan tó ń ta ẹ̀pà olóyin, èèyàn dáadáa ni, ó sì ní ilé. Ọdún tuntun ku ọjọ́ mọ́kànlélógún.

"Kí ni ìwọ sọ fún wọn?" Bokhui béèrè.

"Mo ní mi ò fẹ́. Wọ́n ní àwọn kò bi mí."

Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni wọ́n ti pàdé, létí òkun lórí erékùṣù yìí. Bokhui gbọ́ pé àwọn ará erékùṣù kékeré kan ṣì ń fi ọgbà òkúta pẹja, ló bá wọ ọkọ̀ ojú omi wá wò ó. Ògiri òkúta ni, ó nà wọ inú òkun, ó sì ká padà bí apá ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ. Bí omi bá kún, á bo ògiri mọ́lẹ̀, ẹja á wọlé láìmọ̀. Bí omi bá ń fà, á máa gba àárín òkúta jò jáde, ẹja á kù sínú. Àwọn ìdílé mẹ́tàlá ló ni ọgbà yìí, wọ́n ń pín ọjọ́ rẹ̀ láàárín ara wọn. Inú Bokhui dùn sí ohun tó rọrùn tó sì gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà rẹ̀ ń dúró lé sórí ògiri, ó ń yàwòrán lọ.

"Ẹ̀yin obìnrin yìí," ohùn kan sọ lẹ́yìn rẹ̀, "ṣé ẹ mọ omi wẹ̀?"

"Kí ló dé?"

"Tó bá tó ogún ìṣẹ́jú sí i, ẹ máa nílò rẹ̀."

Ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta náà kọ́ èjìká bí ìgbà tó gbé òkúta, ó sì ṣáájú. Hong Jinsui ni, òun nìkan ló kù nínú àwọn tó mọ ògiri náà tún ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá Kaohsiung. Bí wọ́n ti ń rìn, Bokhui bi í pé kí ló dé tí wọn kì í lo sìmẹ́ǹtì. Ó ní sìmẹ́ǹtì a máa bá ìgbì jà, ìgbì ló sì ń borí. Òkúta tí wọn kò lẹ̀ pọ̀ ń jẹ́ kí ìgbì kọjá. Bokhui bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un sọ fún kámẹ́rà. Ó ní òun ti sọ ọ́. Bokhui gbé kámẹ́rà sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣe é bíi pé ó ti pẹ́ tóun ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Ní ọdún kejì, ó ń lọ sí Busan ní Korea láti wá owó fíìmù. Jinsui sìn ín dé èbúté, ó fi nǹkan kan tó wé sínú bébà lé e lọ́wọ́: àpò kékeré tó fi ògbólógbòó súwẹ́tà rẹ̀ rán, tó bá orí máìkì mu gẹ́ẹ́, kí atẹ́gùn má bàa máa wọ inú ohùn. Rírán rẹ̀ kò dára. Ṣùgbọ́n ó ti wọn máìkì náà nígbà kan tí Bokhui kò sí nítòsí. Bokhui rí owó díẹ̀ ní Busan, ó sì lo oṣù mẹ́rin níbẹ̀. Àárọ̀ tí kò bá níṣẹ́, á gbé ẹ̀rọ sétí, á máa gbọ́ bí Jinsui ṣe ń to òkúta, gbọ̀ọ̀, gbọ̀ọ̀, láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé iṣẹ́ lòun ń ṣe.

Ní ọdún kẹrin ni Jinsui sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, pé òun fẹ́ fi Bokhui ṣaya. Ìyá rẹ̀ kò kọ̀, kò sì gbà. Ó rán Àǹtí Gimhua. Àbúrò bàbá Jinsui ni Àǹtí Gimhua, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tó ti ṣe alárinà fún tọkọtaya mọ́kànlá. Ó jókòó, ó mu tíì, ó sì sọ ohun tó bá wá. Ọdún, oṣù, ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n bí Bokhui lòun ń fẹ́, tí wọ́n kọ sórí ìwé pupa láti ilé wọn ní Korea. Ìwé náà á sùn lórí pẹpẹ àwọn baba ńlá ilé Hong fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ohunkóhun kò bá fọ́ nínú ilé, tẹ́nikẹ́ni kò jà, tẹ́nikẹ́ni kò ṣàìsàn, àwọn baba ti gbà nìyẹn.

Bokhui mọ gbogbo rẹ̀, àyàfi wákàtí. Létí òkun ni wọ́n bí i, kì í ṣe ilé ìwòsàn, bàbá rẹ̀ sì ti kú. Ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ó tẹ̀ ẹ́ láago.

Ìyá rẹ̀ bi í léèrè: "Ta ló ń béèrè?"

"Ilé ọkọ, Màmá."

"Ilé ọkọ ló ń béèrè lọ́wọ́ wa? Mi ò ní sọ. Bí wọ́n bá mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, wọ́n á ṣe é."

Fóònù kú. Kò ya Bokhui lẹ́nu. Láti ọdún tó ti kúrò nílé ni ìyá rẹ̀ ti ń sọ pé ilé onílé ló ń yà kiri, kò sì ní ilé tirẹ̀. Ó gbà pé ìyá òun kọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe máa sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá Jinsui? Ó ní, "Màmá mi ṣì ń rò ó." Nígbà tí oṣù mẹ́ta kọjá, ó tún sọ bẹ́ẹ̀. Ó tẹ ìyá rẹ̀ láago lẹ́ẹ̀mejì sí i, gbólóhùn kan náà ló gbọ́. Oṣù mọ́kànlá lọ báyẹn. Ìyá Jinsui kò bú u rí, ṣùgbọ́n kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu oúnjẹ fún un mọ́. Á gbé ìkòkò síbẹ̀, á ní kó bù.

"Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn ni?" Jinsui béèrè nísinsìnyí, ó ń wo ògiri tó kún fún páálí. "Wákàtí méjìlá péré ló wà nínú kàlẹ́ńdà àwọn baba wa. Mú ọ̀kan. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi máa mọ̀."

"Bokhui, ọdún márùn-ún lo fi ń bi mí bóyá ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi gbé òkúta lánàá tàbí ọwọ́ òsì. Ìgbéyàwó lèyí o. Kì í ṣe fíìmù."

"Bí mo bá mú wákàtí kí wákàtí, obìnrin mìíràn lẹ ó gbé sórí pẹpẹ. Tí àwọn baba rẹ bá gbà á, òun ni wọ́n gbà."

Jinsui wò ó títí. "Orí rẹ le," ó ní, ó sì jáde. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ẹja yẹn, má jẹ́ kó bàjẹ́."

Bokhui sunkún díẹ̀, ó fi iyọ̀ pa ẹja, ó sì padà sídìí iṣẹ́, nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. Àwọn tó ń fún onífíìmù lówó ti kọ̀wé sí i pé fíìmù náà dára, àmọ́ kò ní òpin. Ó rò ó pé òpin ò sí lóòótọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn àwòrán onílà pupa, èyí tó ti pa tì tipẹ́, bóyá á rí nǹkan ṣà níbẹ̀.

Ọgbọ́n kan wà tó dá kọ́. Ìsàlẹ̀ ohùn ni atẹ́gùn máa ń gbé, níbi tó nípọn. Bí èèyàn bá gé ìsàlẹ̀ yẹn kúrò díẹ̀díẹ̀, tí kò ṣe wàdùwàdù, ọ̀rọ̀ ẹnu á léfòó bí ìgbà tí omi bá fà. Ní ọjọ́ kejì, ohùn Àǹtí Gimhua ló léfòó. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pa ẹ̀pà, Bokhui sì ń bi í nípa ìgbéyàwó tirẹ̀.

"Èmi kẹ̀?" ni Àǹtí Gimhua ń sọ. "Ìwé mi ló kọ́kọ́ kúrò nílé bàbá mi. Ti obìnrin ló ń ṣáájú. Ká ní ti ọkùnrin ló kọ́kọ́ wọlé wa ni, bàbá mi ì bá lé wọn dànù. Ṣé ebi ìyàwó ń pa wọ́n ni, tí wọn ò lè ṣe é bó ṣe yẹ?"

Bokhui dá a dúró. Ó padà sẹ́yìn, ó tún un gbọ́. Bó ṣe yẹ.

Ohun tó kọ́kọ́ fi kámẹ́rà àlòkù yẹn yà láyé rẹ̀ ni ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Mokpo. Ó rántí ìwé funfun inú aṣọ pupa. Ilé ọkọ ló gbé e wá. Ọjọ́ ìbí ọkùnrin ló wà nínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó tẹrí ba. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń ya àṣà àwọn ẹlòmíràn kiri, ó sì ti gbàgbé pé ilé wọn náà ní àṣà.

Ó tẹ ìyá rẹ̀ láago.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń dúró dè?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Ìwé ọkùnrin náà ni mò ń retí. Láti oṣù kìíní ni mo ti fọ aṣọ tí màá fi gbà á. Mo fọ̀ ọ́, mo tún un fọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń bi mí léèrè, mo ní ọkọ̀ ló pẹ́." Ó tún ní, "Ṣé a kéré lójú wọn tó bẹ́ẹ̀ ni, Bokhui? Mo mọ̀ pé o ti dàgbà. Ṣùgbọ́n ṣé nítorí pé o ti dàgbà ni wọn ò fi ní ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ èèyàn?"

Bokhui jókòó sílẹ̀. "Màmá, níbí, ìwé obìnrin ló ń ṣáájú. Wọ́n ti ń retí tiyín láti oṣù kìíní."

Ìyá rẹ̀ ní, "Ṣé orí wọn pé?"

"Ohun tí àwọn náà máa sọ nípa wa nìyẹn."

Nígbà tí Bokhui sọ ọ́ nílé Hong, Àǹtí Gimhua fi ọwọ́ bo ẹnu, ara rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Ìyá Jinsui kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n pe obìnrin náà, kí òun gbọ́ ọ létí ara òun. Ni wọ́n bá gbé fóònù sáàárín tábìlì, Bokhui jókòó bí ògbufọ̀, Jinsui dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bàtà rẹ̀. Àwọn ìyá méjèèjì kọ́kọ́ bi ara wọn nípa ojú ọjọ́ àti ẹja. Lẹ́yìn náà ni ìyá tó wà ní Mokpo sọ gbólóhùn kan, ó sì ní, "Túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí."

Bokhui mọ̀ pé òun lè rọ̀ ọ́ lójú. Oṣù mọ́kànlá ló ti ń rọ ọ̀rọ̀ lójú nínú ilé yìí, ibi tó gbé e dé ló jókòó sí yìí.

"Ìyá mi ní agbéraga ni yín," ó sọ.

Ìyá Jinsui gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́.

"Sọ fún un pé òótọ́ ni. Sọ fún un pé láti oṣù kìíní ni mo ti ń nu pẹpẹ yẹn de ìwé ọmọ rẹ̀, títí ọ̀dà rẹ̀ fi ń ṣí. Kí ó wá sọ ohun tí òun náà jẹ́."

Bokhui túmọ̀ rẹ̀. Láti Mokpo, ohùn kan wá tó jọ ikọ́, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀rín ni.

"Sọ fún un pé èmi náà ni."

Ó ku ta ló máa ṣáájú, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kó jẹ́ òun. Àǹtí Gimhua ló tú u. Kí ìwé méjèèjì kúrò nílé ní ọjọ́ kan náà, ní wákàtí kan náà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ọ̀nà tirẹ̀ lórí òkun. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé, kí wọ́n bi afẹ́fẹ́.

Ìwé Bokhui dé nígbà tí ọdún tuntun ku ọjọ́ mẹ́fà. Wákàtí rẹ̀ wà nínú rẹ̀: òwúrọ̀ kùtù, ìgbà tí omi ń fà. Ìyá Jinsui gbé e sórí pẹpẹ, ó tan tùràrí. Ó jẹ́ kí Bokhui gbé kámẹ́rà sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, ó ní òun ti darúgbó jù láti máa bẹ̀rù ẹ̀rọ.

Ọjọ́ kìíní lọ. Gbogbo wọn ń rìn bí ẹni tó gbé omi lórí. Ọjọ́ kejì lọ. Jinsui sín, wọ́n bá yíjú sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, nígbà tó ku wákàtí kan péré, Ìyá Jinsui ń fọ abọ́ ìrẹsì. Ọ̀kan yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá ilẹ̀, ó di mẹ́ta.

Bokhui wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Ìyá Jinsui wo ilẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó sì wo Bokhui.

"Ṣé ẹ̀rọ rẹ rí i?"

"Ó rí i, Ìyá."

"Ṣé o lè pa á rẹ́?"

Bokhui mọ̀ pé ìdáhùn òun lè gba ọkọ lọ́wọ́ òun. "Ilé yín ni, Ìyá. Bí ẹ bá ní kí n pa á rẹ́, màá pa á rẹ́, fíìmù ò ní rí i. Ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀yin ti rí i. Mi ò ní sọ fún Jinsui pé kò fọ́."

Ìyá Jinsui bẹ̀rẹ̀, ó ṣa àfọ́kù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí tábìlì bí ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n ti bára mu.

"Ọwọ́ mi ló ti ń gbọ̀n," ó ní. "Láti ọdún tó kọjá ni. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ mi máa ń fọ abọ́ tí mo bá ti sùn, ó rò pé mi ò mọ̀." Ó fi aṣọ nu ọwọ́. "Àwọn baba ò fọ́ abọ́ yìí. Èmi ni mo fọ́ ọ. Má pa á rẹ́. Jẹ́ kí wọ́n rí i pé mo mọ ìyàtọ̀."

Ó bu ìrẹsì sínú abọ́ mìíràn, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù ú, ó sì gbé e fún Bokhui.

Wọ́n ṣègbéyàwó ní oṣù kẹta ọdún tuntun náà. Ìyá Bokhui wọ ọkọ̀ òfurufú fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó sì bá ìyá ọkọ jiyàn lórí iyọ̀ ọbẹ̀ láìsí ògbufọ̀. Ní oṣù kẹfà, fíìmù náà parí: wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ìyá Jinsui, abọ́ kan tó di mẹ́ta, àti ìrẹsì ló wà ní òpin rẹ̀. Ilé tẹlifíṣọ̀n kan ní Taipei rà á. Owó náà tó ra kámẹ́rà mìíràn, kò sì tó ra ohun mìíràn.

Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ fi í hàn lórí erékùṣù náà, ní gbọ̀ngàn àwọn apẹja, lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi, pẹ̀lú aṣọ dúdú lójú fèrèsé. Nígbà tí iná padà tàn, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Bokhui rò pé òun ti dójú ti ìyá ọkọ òun. Ìyá Jinsui jókòó ganrín-ganrín, ó ń wo iwájú.

Nígbà náà ni obìnrin kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún sọ̀rọ̀ láti ìlà ẹ̀yìn.

"Ìkòkò omi ni tèmi. Ọjọ́ kejì. Ìyá ọkọ mi sin ín sẹ́yìn ilé ẹlẹ́dẹ̀."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Obìnrin mìíràn ní àwo ọbẹ̀ ni tòun, ìyá ọkọ òun sì fi àtè lẹ̀ ẹ́ pọ̀ kí bàbá tó wọlé. Òmíràn ní òun ò rò pé ẹlòmíràn wà, pé ọdún méjìléláàádọ́ta lòun ti ń gbé e sínú. Láìpẹ́, gbogbo gbọ̀ngàn ń fi ẹnu fọ́ abọ́, ife àti ṣíbí amọ̀. Àwọn ọkọ wọn jókòó, ẹnu wọn là sílẹ̀.

Àǹtí Gimhua dìde, ó gbé ọwọ́ sókè. "Ọ̀rọ̀ alárinà ni kẹ́ ẹ gbọ́. Nínú mọ́kànlá tí mo so pọ̀, mẹ́sàn-án ló fọ́ nǹkan."

"Àwọn méjì yòókù ńkọ́?" ẹnì kan bi í.

"Àwọn méjì yẹn ló kọ ara wọn sílẹ̀."

Jinsui tẹ̀ mọ́ etí Bokhui, ó bi í bóyá kóun sáré lọ gbé kámẹ́rà wá. Bokhui mi orí. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì fẹ́ gbọ́ wọn. Ó sún àga rẹ̀ mọ́ ti Ìyá Jinsui, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí itan rẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn, tó sì ń sọ fún obìnrin ìlà ẹ̀yìn pé kó ṣe sùúrù, kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀: báwo ni ìkòkò náà ṣe tóbi tó?